Nǹkan kan, orúkọ kan: ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn tó ń kọ ìwé ìlò áàpù ní Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ kóòdù, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé ìlò, àti ẹ̀yin ògbufọ̀ tí wọn kì í rántí pè àfi nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dojú rú, ẹ kú iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ti Ìtòkú bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dé ọjà àdìrẹ, tó ní oníko lòun fẹ́, kò sẹ́ni tó máa kó ẹlẹ́kọ lé e lọ́wọ́. Oníko lèyí tí wọ́n fi ìko so kó tó wọnú aró. Ẹlẹ́kọ lèyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ láfún ya iṣẹ́ sí lára. Alábẹ́rẹ́ lèyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán. Orúkọ mẹ́ta, ọ̀nà ìṣe mẹ́ta, orúkọ kọ̀ọ̀kan sì ń sọ bí wọ́n ṣe ṣe aṣọ náà. Kò sí aláàdìrẹ tó máa dédé pe oníko ní ẹlẹ́kọ torí pé ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun dùn létí.

Àwa òǹkọ̀wé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ìwé la ti kọ́ ọ. Tíṣà ní ẹni tó gbọ́ Yorùbá kì í pe nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì ní orúkọ kan náà: bó bá kọ "ọba" ní ìlà kìn-ín-ní, "kábíyèsí" ló yẹ kó wà ní ìkejì, kí "aláyélúwà" tẹ̀ lé e ní ìkẹta. Adùn ewì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó di fóònù mú lọ́wọ́ kan, tó ń ka ìwé ìlò lójú ewé kan, kò wá adùn wá. Bó bá rí orúkọ méjì, ohun tó máa gbà ni pé nǹkan méjì ni, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá èkejì.

Ẹ wo ìpínrọ̀ kan. Ká ní áàpù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan la ń kọ ìwé ìlò fún, èyí tí àwọn aláàdìrẹ fi ń dáwó, tí wọ́n sì fi ń yáwó:

"Ṣí àkáǹtì rẹ, kí o tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ. Bí ẹ bá ti gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù yín, ẹ tẹ 'Mo gbàgbé'. A ó fi kóòdù ìwọlé ránṣẹ́. Tẹ ọ̀rọ̀ ìpamọ́ náà sínú àpótí, kí o sì fi pamọ́."

Yorùbá rẹ̀ já gaara. Ẹ wá ka nǹkan tó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà, páásíwọ́ọ̀dù, kóòdù ìwọlé, ọ̀rọ̀ ìpamọ́: orúkọ mẹ́rin. Nǹkan mélòó ni? Méjì ni. Èyí tí ọmọ ẹgbẹ́ yàn fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Nọ́ńbà oníye mẹ́fà tí SMS gbé wá, tí kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kó tó kú, nìkejì. Àmọ́ ìpínrọ̀ yìí kò jẹ́ ká mọ èyí tí "ọ̀rọ̀ ìpamọ́" jẹ́ nínú méjèèjì. Ẹni tó bá rò pé èyí àtijọ́ ni á máa wá ohun tó ti gbàgbé kiri. Ẹni tó bá rò pé ti SMS ni á tẹ̀ ẹ́, á sì rò pé òun ti ní ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun. Lọ́la, nọ́ńbà náà kò ní ṣí nǹkan kan. Ó di kó pe ọ́fíìsì.

"Tẹ" náà wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì jẹ́ nǹkan méjì. Tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà: ìkọ̀wé lórí kíbọ́ọ̀dù. Tẹ "Mo gbàgbé": ìka kan lórí bọ́tìnì. Ní gbólóhùn bí "ẹ tẹ 1", kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tí ẹ ń sọ. Àṣìṣe kejì nìyẹn, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé ojú kì í tètè rí i. Orúkọ méjì fún nǹkan kan máa ń hàn sí ẹni tó bá ń yẹ ìwé wò. Orúkọ kan fún nǹkan méjì máa ń fara pamọ́ sábẹ́ ìtumọ̀ tó mọ́ wa lára.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "rẹ" àti "yín". Ìpínrọ̀ yẹn ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ ní gbólóhùn kan, ó ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ ní èkejì. Ẹ yan ọ̀kan. Fún áàpù tí ìyá ẹni máa lò lọ́jà, "ẹ" ni kẹ́ ẹ yàn, kó wà bẹ́ẹ̀ dé orí bọ́tìnì àti iṣẹ́ SMS.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí:

"Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà yín. Bí ẹ bá ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà yín, ẹ fọwọ́ kan 'Mo gbàgbé'. A ó fi nọ́ńbà ẹ̀rí oníye mẹ́fà ránṣẹ́ sí fóònù yín. Ẹ tẹ nọ́ńbà ẹ̀rí náà sínú àpótí, kí ẹ wá yan ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun."

Ọ̀rọ̀ aṣínà, ọ̀rọ̀ aṣínà, ọ̀rọ̀ aṣínà. Ó ń sú etí, àbí? Kó máa sú u.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń dẹkùn

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ibi tí a bá ti gbé wọn sínú áàpù ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá wọn ni "fi pamọ́". Ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù tán fẹ́ fi í pamọ́ kó má bàa sọnù. Ẹni tó ń wo iye owó rẹ̀ nínú ọkọ̀ akérò fẹ́ fi í pamọ́ kí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má bàa rí i. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, Yorùbá sì gba méjèèjì. Bí ojú-ewé kan bá ní bọ́tìnì méjèèjì, tí méjèèjì ń jẹ́ "Fi pamọ́", ẹ ti dá ìjà sílẹ̀. Ìdájọ́ tèmi ni pé kí "fi pamọ́" dúró fún èyí àkọ́kọ́, torí pé ó ti mọ́ àwọn èèyàn lára, kí èkejì sì máa jẹ́ "bò": bo iye owó, ṣí iye owó.

"Àkáǹtì" ni ìkejì rẹ̀. Lẹ́nu gbogbo wa ní Nàìjíríà, àkáǹtì ni ibi tí owó wà ní báńkì. Nígbà tí áàpù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá wá béèrè pé "Ṣé ẹ fẹ́ pa àkáǹtì yín rẹ́?", tí ẹni náà sì ní ₦50,000 nínú ẹgbẹ́, jẹ̀bẹ̀jẹ̀bẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Àwọn tó kọ kóòdù ń sọ nípa orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà. Òun ń gbọ́ nípa owó. Ẹ fi "àkáǹtì" sílẹ̀ fún báńkì. Èyí tí a fi ń wọ áàpù, ẹ pè é ní "ìforúkọsílẹ̀". Èyí tó ń fi iye tí ọmọ ẹgbẹ́ ti dá hàn, "ìwé owó" tó o.

"Pa rẹ́" àti "yọ kúrò" náà kò gbọdọ̀ máa gbapò ara wọn. Ẹ pinnu pé ohun tí a bá yọ kúrò ṣì lè padà, ṣùgbọ́n ohun tí a bá pa rẹ́ ti lọ nìyẹn. Yíyọ ọmọ ẹgbẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ yàtọ̀ sí pípa àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta rẹ̀ rẹ́.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ló ń ṣe èyí. Git, ètò tó ń tọ́jú ẹ̀dà kóòdù, tí ọ̀pọ̀ yín ń lò lójoojúmọ́, ní ibì kan tí fáìlì máa ń dúró sí kí a tó ṣe commit, ìyẹn kí a tó fi ẹ̀dà náà sínú àkọsílẹ̀. Ibẹ̀ ń jẹ́ index nínú ìwé ìlò rẹ̀, ó ń jẹ́ staging area lẹ́nu àwọn èèyàn, ó sì ń jẹ́ cache nínú àwọn àṣẹ àtijọ́. Nínú git diff, --staged àti --cached jẹ́ ohun kan náà. Nínú git apply, --index àti --cached kì í ṣe ohun kan náà rárá: --cached kan index nìkan, --index kan index àti fáìlì tó wà lórí tábìlì iṣẹ́ yín pa pọ̀. Orúkọ tó wọlé láìsí àyẹ̀wò nígbà tí ètò náà kéré, kò ṣeé lé jáde mọ́ nígbà tó dàgbà, torí pé àwọn èèyàn ti kọ ọ́ sínú àwọn ètò tiwọn.

Bí a ṣe ń kó ọ̀rọ̀ jọ

Ibi tí ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ ni ojú áàpù fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìwé ìlò. Ohun tí òǹlò ń rí lójú fóònù ni olórí. Ìwé ìlò ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ fa gbogbo gbólóhùn inú áàpù jáde. Bó bá jẹ́ fáìlì .po, èyí tí a ń kọ ìtumọ̀ gbólóhùn áàpù sí, ni ẹ ń lò, poterminology tó wà nínú Translate Toolkit, àkójọ irinṣẹ́ ògbufọ̀, á ṣa àwọn ọ̀rọ̀ tó ń padà wá lemọ́lemọ́ fún yín. Ẹ mú 50 péré nínú rẹ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun máa kó 400 jọ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò ní bẹ̀rẹ̀ láéláé. Nínú 50 yẹn, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣíwájú. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni gbogbo èèyàn máa ń kó jọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ló wà lórí bọ́tìnì, bọ́tìnì ló sì ń ná owó.

Ohun tí ẹ máa kọ sílẹ̀ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan rèé, nínú Excel lásán:

Nọ́ńbà: 014
Ohun tó jẹ́: lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ọmọ ẹgbẹ́ yàn fúnra rẹ̀ láti máa fi wọ áàpù
Ọ̀rọ̀ tí a yàn: ọ̀rọ̀ aṣínà
A kì í lò ó: páásíwọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ ìpamọ́
Má dà á pọ̀ mọ́: nọ́ńbà ẹ̀rí (015)
Àpẹẹrẹ: Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà yín.
Ẹni tó fọwọ́ sí i, àti ọjọ́ tó fọwọ́ sí i

Ẹ kíyè sí i pé nǹkan ló ní nọ́ńbà, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá tò ó ní ABD bí ìwé atúmọ̀ èdè, "páásíwọ́ọ̀dù" á wà lójú ewé kan, "ọ̀rọ̀ aṣínà" á wà ní òmíràn, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìlà kejì, "ohun tó jẹ́", ni gbogbo èèyàn máa ń fò, òun sì ni ẹ̀mí iṣẹ́ náà. Ọ̀nà kan wà láti dán an wò, ó wà nínú ISO 704, ìlànà àgbáyé fún iṣẹ́ àkójọ ọ̀rọ̀: ẹ mú gbólóhùn kan tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀, ẹ yọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ fi àlàyé rẹ̀ rọ́pò. Bí gbólóhùn náà kò bá mú ọgbọ́n dání mọ́, àlàyé yín kò tíì péye. Bí iṣẹ́ bá dàgbà ju Excel lọ, ISO 30042, tí wọ́n ń pè ní TBX, ni a fi ń gbé irú àkójọ yìí láti ètò kan sí òmíràn.

Èèyàn mélòó ló yẹ kó fọwọ́ sí i? Ẹnì kan. Kí gbogbo ilé mú àbá wá, kí wọ́n jiyàn títí di ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn náà kí ẹnì kan fọwọ́ sí i.

Àmì ohùn àti ẹ̀rọ tó ń wá ọ̀rọ̀

Níbí ni Yorùbá ti yàtọ̀, níbí náà sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àyẹ̀wò ti ń ṣubú. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, àmì ohùn wà lára ọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. "Aṣínà" ni ohun tó ń ṣí ọ̀nà. Ẹ yọ àmì rẹ̀, ó di "asina", ẹni tó bá kà á ní "aṣìnà" kò jẹ̀bi, ẹni tó sọnù lọ́nà sì nìyẹn. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì rẹ̀ sínú àkójọ, kẹ́ ẹ sì pinnu sípẹ́lì àwọn ọ̀rọ̀ àyálò: "fáìlì" ni àbí "fàìlì"? Ìjà sípẹ́lì kì í ṣe tuntun fún ìlú yìí. Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní 1859, ìpàdé lórí ọ̀nà ìkọ Yorùbá wáyé ní Èkó ní 1875, síbẹ̀ títí di òní a ṣì ń rí "aiye" àti "enia" lára ògiri. Ẹ máa retí i pé àwọn òǹlò yín á tẹ irú rẹ̀ sínú àpótí ìwákiri.

Ìkejì, lẹ́tà kan lè jọ ara rẹ̀ lójú kó má jẹ́ ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà. Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ́. Ẹnì kan á kọ ọ́ ní U+1ECD (ọ) pẹ̀lú U+0301 (àmì ohùn òkè). Ẹlòmíràn á kọ o lásán, U+0323 (àmì tóótó) lábẹ́, U+0301 lókè. Ẹnì kẹta á bẹ̀rẹ̀ láti ó, U+00F3, á wá fi U+0323 sí i. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra délẹ̀ lójú fóònù, àmọ́ bí ẹ bá fi grep, àṣẹ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, wá ọ̀kan, kò ní rí èjì tó kù. Ìwòsàn rẹ̀ rọrùn: kí gbogbo fáìlì kọjá nínú NFC, ọ̀nà tí Unicode fi ń sọ irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan, kí wọ́n tó wọlé, ìyẹn unicodedata.normalize("NFC", s) nínú èdè kóòdù Python, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì di ọ̀kan. Ohun tí NFC kò lè wò sàn ni kíbọ́ọ̀dù tó ń fi U+0329, ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán, sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì tóótó. Lójú Unicode, àmì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi U+0323 rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tó ṣe NFC.

Ìkẹta ni ààlà ọ̀rọ̀. Nínú re, ohun tí Python fi ń wá ọ̀rọ̀, àmì ohùn tó dá dúró kì í ṣe ara \w, ìyẹn àwọn ohun tó kà sí ara ọ̀rọ̀. Nítorí náà, \btẹ\b, tí \b inú rẹ̀ dúró fún ààlà ọ̀rọ̀, á mú "tẹ" inú "tẹ̀", á mú ti inú "tẹ́lẹ̀", á mú ti inú "tẹ̀lé". Ẹni tó bá fẹ́ fi "fọwọ́ kan" rọ́pò "tẹ" láìwò ó, á jí rí i pé "gẹ́gẹ́ bí a ti sọ tẹ́lẹ̀" ti di "gẹ́gẹ́ bí a ti sọ fọwọ́ kańlẹ̀". Òdìkejì rẹ̀ náà wà: \bọ̀rọ̀\b kò ní rí "ọ̀rọ̀" tí àlàfo wà lẹ́yìn rẹ̀, torí pé àmì ohùn ló parí ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rọ kò sì rí ààlà láàárín àmì àti àlàfo. Ẹ yọ \b ìparí, kí ẹ fi (?![\w\u0300-\u036f]) rọ́pò rẹ̀.

Ìkẹrin, gírámà wa fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó ní ohùn ìsàlẹ̀ máa ń di ohùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ: "tẹ̀ ẹ́" ni, àmọ́ "tẹ nọ́ńbà"; "fọwọ́ kàn án", àmọ́ "fọwọ́ kan bọ́tìnì". Ọ̀rọ̀ kan ni, àṣìṣe sì kọ́, nítorí náà ìrísí méjèèjì gbọ́dọ̀ wà nínú àkójọ. Èyí náà ló fà á tí mi ò fi fọwọ́ sí "tì" fún pípa ojú-ewé dé. "Ti ojú-ewé yìí" lè jẹ́ àṣẹ, ó sì lè jẹ́ pé ohun tó jẹ́ ti ojú-ewé yìí lẹ ń sọ. "Pa ojú-ewé yìí dé" kò ní ìtumọ̀ kejì.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣọ́ ọ

Èèyàn á gbàgbé. Ẹ kọ òfin náà sínú Vale, ẹ̀rọ àyẹ̀wò ìwé, kó máa yẹ gbogbo fáìlì wò kí wọ́n tó wọlé:

extends: substitution
message: "Ẹ lo '%s' dípò '%s'."
level: error
ignorecase: true
nonword: true
swap:
  páásíwọ́ọ̀dù: ọ̀rọ̀ aṣínà
  ọ̀rọ̀ ìpamọ́: ọ̀rọ̀ aṣínà

Ìlà nonword ń sọ fún un pé kó má fi \b sí i, nítorí ohun tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ tó gbà pé ó ń ṣiṣẹ́, ẹ fún un ní fáìlì kan tí ẹ mọ̀ pé àṣìṣe mẹ́wàá wà nínú rẹ̀, kí ẹ ka iye tó rí. Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ fi warning sí ipò error, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo fáìlì àtijọ́ á dá iṣẹ́ dúró, àwọn tó ń kọ kóòdù á sì pa ẹ̀rọ náà.

Nínú gettext, ètò tó ń ka fáìlì .po fún áàpù, ohun méjì péré ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Bí Close bá wà lórí fèrèsé, tó tún wà lórí ìforúkọsílẹ̀, gettext á pa méjèèjì pọ̀ sí ìlà kan, ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo ni á sì gbà fún wọn. msgctxt, ìlà tó ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde, ló ń yà wọ́n. Ìkejì ni iye. Ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kì í yí padà nítorí iye: ọmọ ẹgbẹ́ 1, ọmọ ẹgbẹ́ 20. nplurals=1; plural=0; (ìrísí kan ṣoṣo fún iye gbogbo) ló yẹ kó wà lórí fáìlì wa, bí CLDR, àkójọ òfin èdè ti Unicode, náà ṣe tò ó. Ẹni tó bá da ti Gẹ̀ẹ́sì kọ á ní ìlà méjì fún gbólóhùn kan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ọ̀kan nínú wọn á ti máa sọ "ìdásí", èkejì "owó ìdájọ", ẹni tó ní ìdásí kan àti ẹni tó ní ogún á sì máa rí orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọjọ́ tí ẹ bá yí ọ̀rọ̀ kan padà, ẹ yí i níbi gbogbo lọ́jọ́ kan náà: ojú áàpù, iṣẹ́ àṣìṣe, SMS, ìwé ìlò, àti àwòrán ojú fóònù tó wà nínú ìwé ìlò. Àwòrán ni wọ́n máa ń gbàgbé, torí pé kò sí linter, ẹ̀rọ àyẹ̀wò bíi Vale, tó ń ka àwòrán. Ìwé ìlò ẹ̀dà àtijọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tí kò tíì gba ẹ̀dà tuntun, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló ṣì ń rí lójú fóònù rẹ̀. Ẹ má sì lé ọ̀rọ̀ tí ẹ kò yàn kúrò pátápátá. Ẹ kó wọn sínú àpótí ìwákiri, kí ẹni tó bá tẹ "páásíwọ́ọ̀dù" lè bá ojú-ewé ọ̀rọ̀ aṣínà pàdé.

Ìbéèrè kan wá láti ẹ̀yìn: bí ọ̀rọ̀ tí a yàn bá jẹ́ èyí tí ará ọjà kò mọ̀ ńkọ́? Ẹ máa bi wọ́n kí ẹ tó yàn án. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà nìkan sórí bọ́tìnì, láìsí àlàyé, kí ẹ fi han èèyàn márùn-ún, kí ẹ ní, "Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, kí ló máa ṣẹlẹ̀?" Bí méjì bá ṣì í, ẹ wá òmíràn. "Àjọ" àti "èésú" lẹ máa fi dán an wò. Fún àwọn kan, àjọ ni owó tí alájọ ń gbà lọ́jọ́ọjọ́, tó ń dá padà ní ìparí oṣù. Èésú ni èyí tí ẹgbẹ́ ń kó fún ẹnì kan títí tó fi kárí. Fún àwọn mìíràn, àjọ ni méjèèjì. Nítorí náà, ẹ má fi "Àjọ" nìkan sórí bọ́tìnì. Ẹ kọ "Àjọ ojoojúmọ́" sórí ọ̀kan, "Èésú: kíkó ní ìpele" sórí èkejì, kí ẹ padà lọ bá àwọn márùn-ún mìíràn.